Igi àti Ìbọ̀wọ́: Òṣùwọ̀n Iyì Ahánbọ́ọ̀lù Nínú Eré Bésíbọ́ọ̀lù

Ní ìgbà ooru ọdún 2023, àríyànjiyàn kan gba ẹnu àwọn ará ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin méjì ni, tí àwọn méjèèjì ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún ẹgbẹ́ eléré bésíbọ́ọ̀lù ìlú náà, àwọn Astros. Èkíní ni Martín Maldonado, ọmọ erékùṣù Puerto Rico, ẹni tí ó ti lé ní ọdún 35. Nínú ìgbà 1,000 tí ó bá gbé igi láti lu bọ́ọ̀lù ní ọdún náà, ìgbà 191 péré ni ìlù rẹ̀ ń yọrí sí rere. Èkejì ni Yainer Díaz, ọmọ Dominican Republic, ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gbòǹgbò nínú iṣẹ́. Tirẹ̀ jẹ́ 282 nínú 1,000, ó sì lu bọ́ọ̀lù 23 kọjá odi pápá. Síbẹ̀, Maldonado ni ọ̀gá wọn, Dusty Baker, ń fi sí ẹnu iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn òǹwòran bínú. Baker kò yí ọkàn padà. Èrò àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn ni pé ohun tí Maldonado ń ṣe fún àwọn tí ń ju bọ́ọ̀lù kò ṣeé fi nọ́ńbà kà, àti pé ó tóbi ju ohun tí igi Díaz lè mú wá lọ. Ǹjẹ́ òótọ́ ni?

Òǹkàwé tí kò bá rí eré yìí rí nílò àlàyé díẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wo kíríkẹ́ẹ̀tì ní ilé-ìwé girama yóò tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì dúró pẹ̀lú igi láti lù ú, ẹnì kẹta sì wà lẹ́yìn onígi láti hán bọ́ọ̀lù tí igi kò bá bà. Ajùbọ́ọ̀lù ni ti ìṣáájú, alùbọ́ọ̀lù ni èkejì, ahánbọ́ọ̀lù sì ni ẹ̀kẹta. Ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínṣì 6 ni ó wà láàárín ibi tí ajùbọ́ọ̀lù dúró sí àti ilé, ìyẹn rọ́bà funfun onígun márùn-ún tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 17. Lókè rọ́bà yìí, láti orúnkún alùbọ́ọ̀lù títí dé ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀, ni fèrèsé kan wà tí ojú kò rí. Bọ́ọ̀lù tí ó bá gba inú fèrèsé yìí kọjá ti wọlé. Èyí tí ó bá gba ìta kọjá, tí onígi kò sì nawọ́ sí, ti ṣòfò. Bí mẹ́ta bá wọlé, alùbọ́ọ̀lù jáde. Bí mẹ́rin bá ṣòfò, yóò rìn lọ sí ibùdó kìn-ín-ní lọ́fẹ̀ẹ́. Adájọ́ eré, tí ó dúró lẹ́yìn ahánbọ́ọ̀lù, ni ó ń kéde bí ìjù kọ̀ọ̀kan ti jẹ́. Ẹni tí ó bá yí àwọn ibùdó ká tí ó padà dé ilé ti jẹ ayò kan.

Nínú àwọn mẹ́sàn-án tí ń ṣọ́ pápá, ahánbọ́ọ̀lù nìkan ni ó kọjú sí àwọn mẹ́jọ yòókù. Ó lóṣòó, ó dé ìbòjú onírin, ó so ààbò mọ́ àyà àti ojúgun, ó sì fi ìbọ̀wọ́ awọ ńlá bọ ọwọ́ kan. Òun ni ó sábà ń sọ irú ìjù tí ajùbọ́ọ̀lù yóò jù àti ibi tí yóò jù ú sí. Ìka ọwọ́ ni wọ́n ń fi ṣe àmì yìí láyé àtijọ́. Láti ọdún 2022 ni wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ kékeré kan tí ń sọ̀rọ̀ sí etí ajùbọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀, ara ni ahánbọ́ọ̀lù yóò fi dí i. Bí ọ̀tá bá sì sáré láti gba ibùdó kejì lójijì (olè jíjà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe èyí, wọn kò sì fi bú ẹni tí ó ṣe é), òun ni yóò fò dìde, tí yóò ju bọ́ọ̀lù ré kọjá ẹsẹ̀ bàtà 127 kí olè náà tó dé ibẹ̀. Bí ọkàn ajùbọ́ọ̀lù tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ bá ń dàrú, ahánbọ́ọ̀lù ni yóò rìn lọ bá a láti bá a sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú; àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí, nígbà tí ó bá kan ẹgbẹ́ rẹ̀ láti lu bọ́ọ̀lù, òun náà yóò gbé igi bí àwọn yòókù.

Iṣẹ́ méjì ni ó wà lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo báyìí, ọ̀kan hàn, èkejì fara sin.

Iṣẹ́ igi ni ó rọrùn láti wọ̀n. Bí ahánbọ́ọ̀lù bá gbé igi ní ìgbà 450 nínú ọdún kan, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 191 àti 282 nínú 1,000 jẹ́ àlùyọ 41. Àwọn oníṣirò ti yẹ àìmọye eré wò, wọ́n sì rí i pé bí a bá fi àlùyọ kan rọ́pò ìgbà kan tí onígi ìbá jáde, yóò mú nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ayò kan wá. Àlùyọ 41 di nǹkan bí ayò 30. Láti ọdún 1984 tí John Thorn àti Pete Palmer ti gbé ìwé wọn jáde ni àwọn ọ̀mọ̀wé eré yìí ti gbà pé ayò mẹ́wàá, ní ìpíndọ́gba, jẹ́ ìṣẹ́gun kan. Igi Díaz, nígbà náà, fi nǹkan bí ìṣẹ́gun mẹ́ta ju ti Maldonado lọ nínú eré 162. Ó yẹ kí a yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí pé Díaz kì í fẹ́ mú sùúrù de ìjù òfo mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àlùkọjá-odi rẹ̀ tún dá díẹ̀ padà.

Ẹni tí ó bá rò pé ìṣẹ́gun mẹ́ta kò tó nǹkan, kí ó wo bí ọdún náà ti parí. Houston àti aládùúgbò wọn, àwọn Texas Rangers, parí eré 162 pẹ̀lú ìṣẹ́gun 90 àti ìpàdánù 72 kan náà. Òfin ìdáṣẹ́gun nìkan ni ó fi Houston síwájú. Nígbà tí àwọn méjèèjì tún pàdé ní ìdíje ìkẹyìn ti ìhà wọn, Rangers ni ó borí nínú eré keje, tí wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà.

Kí wá ni Maldonado ní láti ṣe lẹ́yìn ilé kí ó tó lè san gbèsè ayò 30 yìí? Bí ó bá ṣiṣẹ́ nínú eré 110, ó ní láti dín ayò tí ọ̀tá ń jẹ kù ní 0.27 nínú eré kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó lé díẹ̀ ní ayò kan nínú eré mẹ́rin. Níbí ni ìṣòro wà. Kò sí òǹwòran tí ó lè fi ojú lásán rí ayò kan tí a kò jẹ nínú eré mẹ́rin. Ìṣirò gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ ríran ju ojú lọ: ayò tí ẹgbẹ́ kan ń fi sílẹ̀ lójúmọ́ a máa gòkè a máa sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ayò mẹ́ta sí ìpíndọ́gba rẹ̀, nítorí náà lẹ́yìn eré 110, kòńgẹ́ lásán lè fi nǹkan bí 0.29 kún un tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò nínú eré kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a ń wá kò tóbi ju eruku tí ó bò ó lọ.

Àwọn àgbà eré náà kò dúró de ìṣirò kí wọ́n tó gbà pé ohun náà wà. Ray Schalk, ahánbọ́ọ̀lù àwọn White Sox ti Chicago láti ọdún 1912, lu 253 nínú 1,000 ní gbogbo ọjọ́ eré rẹ̀, bọ́ọ̀lù 11 péré ni ó sì lù kọjá odi. Síbẹ̀ a gbé orúkọ rẹ̀ wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí ní ọdún 1955. Òun ni ó wà lẹ́yìn ilé ní ọdún 1919, nígbà tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ àwọn atatẹ́tẹ́ láti pàdánù. A lé ẹni mẹ́jọ kúrò nínú eré títí ayé, orúkọ Schalk kò sì sí níbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó bínú nítorí pé ajùbọ́ọ̀lù kò jù ohun tí òun fi àmì béèrè. Ahánbọ́ọ̀lù ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá wọ́.

Ọlá tí ó wà nínú àṣẹ yìí hàn kedere nínú ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú. Josh Gibson, tí ọ̀pọ̀ gbà pé kò sí ahánbọ́ọ̀lù tí ó mọ igi lò tó o, kò fi ẹsẹ̀ kan pápá àwọn ẹgbẹ́ ńlá rí; ìlànà ìyàsọ́tọ̀ kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ó kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947, oṣù mẹ́ta ṣáájú kí Jackie Robinson tó ṣí ilẹ̀kùn. Ọdún 2024 ni a tó da àkọsílẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, tí 372 rẹ̀ nínú 1,000 sì wá ga ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Roy Campanella rí ojú rere díẹ̀ sí i. Ní ọdún 1946, ní ìlú Nashua, adájọ́ eré lé ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, Campanella sì ni ó darí ẹgbẹ́ náà títí eré fi parí, ọkùnrin dúdú tí ń pàṣẹ fún àwọn aláwọ̀ funfun ní àkókò tí a kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n jọ jókòó ní ọ̀pọ̀ ibi. Ó di ahánbọ́ọ̀lù Brooklyn ní ọdún 1948, ó sì gba ẹ̀bùn eléré tí ó níyì jùlọ ní ọdún 1951, 1953 àti 1955. Ní tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó ní láti yan igi tàbí ìbọ̀wọ́; ó ní méjèèjì. Irú wọn ṣọ̀wọ́n, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ń di ìjà.

Láti fi ìṣirò yanjú rẹ̀, ọ̀nà kan tí ó dàbí ẹni pé ó rọrùn ni kí a ka ayò tí ọ̀tá ń jẹ nígbà tí ahánbọ́ọ̀lù kan bá wà lẹ́yìn ilé, kí a fi wé ti ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ Atlanta fi hàn bí ọ̀nà yìí ti lè tan ènìyàn jẹ. Greg Maddux, tí ó gba ẹ̀bùn ajùbọ́ọ̀lù tí ó dára jùlọ ní ọdún mẹ́rin tẹ̀léra, láti 1992 sí 1995, wà ní Atlanta láti ọdún 1993 títí dé 2003. Javy López ni ahánbọ́ọ̀lù àgbà níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn, alágbára tí ó lu bọ́ọ̀lù 43 kọjá odi ní ọdún 2003. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá kan Maddux láti jù, López a máa jókòó, ẹlòmíràn a sì gba ipò rẹ̀: Charlie O'Brien ní ọdún 1995, lẹ́yìn náà Eddie Pérez, lẹ́yìn wọn àwọn mìíràn. Bí a bá ka ayò lásán, Pérez yóò dàbí oníṣẹ́ ìyanu. Bẹ́ẹ̀, Maddux ni ó ń gbà fún! (Nígbà tí López ṣèṣe ní ọdún 1999, Pérez gba iṣẹ́ náà, ẹni tí wọ́n ń torí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tọ́jú sì fi igi gba ẹ̀bùn eléré tí ó ta yọ jùlọ ní ìdíje ìkẹyìn ti ìhà wọn.)

Ní ọdún 1989, Craig Wright, nínú ìwé tí òun àti Tom House jọ ṣe, gbìyànjú láti tún ọ̀nà náà ṣe: ajùbọ́ọ̀lù kan náà ni kí a fi ahánbọ́ọ̀lù méjì wò. Èyí bá ọgbọ́n mu, ṣùgbọ́n ó gé eré tí a lè kà kù, eruku sì tún pọ̀ sí i. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń parí lọ, Keith Woolner yẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ wò. Ẹni tí ó dára ní ọdún kan kì í ṣe òun ni ó ń dára ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Kò rí ohun kan tí ó ju kòńgẹ́ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣirò fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ fún àwọn àgbà, wọ́n ní àlá lásán ni ohun tí wọ́n ń pè ní ọgbọ́n ẹ̀yìn ilé. Wọ́n yára jù. Woolner sọ pé òun kò rí i. Kò sọ pé kò sí. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àpò kòkó kò lè wọn góòlù.

Òṣùwọ̀n góòlù dé lójijì, láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Láàárín ọdún 2006 sí 2008 ni wọ́n gbé kámẹ́rà sí pápá gbogbo ẹgbẹ́ ńlá láti máa ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀nà tí ìjù kọ̀ọ̀kan gbà kọjá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, a lè fi ibi tí bọ́ọ̀lù gbà ní tòótọ́ wé ohun tí adájọ́ eré kéde. A wá rí i pé adájọ́ kan náà a máa pe ìjù kan náà ní orúkọ méjì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó hán an. Àṣírí náà wà ní ọwọ́. Ahánbọ́ọ̀lù tí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bá fò lọ bá bọ́ọ̀lù lọ́nà ìta ti jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, tí orí rẹ̀ kò mì, tí ó gbé ìbọ̀wọ́ sókè díẹ̀ láti abẹ́ bí ẹni gbé ọmọ sùn, yóò mú kí bọ́ọ̀lù etí fèrèsé dàbí èyí tí ó wọlé. Ẹ̀tàn ni, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n òfin kò kà á léèwọ̀.

Mike Fast ni ó tú ọ̀rọ̀ yìí sí gbangba ní ọdún 2011. Iye tí ó wà nínú sísọ ìjù òfo kan di ìjù tí ó wọlé jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ayò. Ó dàbí yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nínú eré kan, ó lé ní ìjù 70 tí onígi kì í nawọ́ sí. Bí ahánbọ́ọ̀lù bá lè jèrè méjì péré nínú wọn lójúmọ́, eré 110 yóò fún un ní ìjù 220, èyí tí ó tó ayò 27. Gbèsè ayò 30 fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn, láìgbé igi. Orúkọ tí ó wà lókè nínú àkójọ Fast ni José Molina, ọmọ Puerto Rico, tí àwọn arákùnrin rẹ̀ méjì, Bengie àti Yadier, jẹ́ ahánbọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀. José lu 233 nínú 1,000 ní gbogbo ayé eré rẹ̀, kì í sì í sáré. Títí di ìgbà náà, ẹni tí a ń lò nígbà tí ẹlòmíràn bá rẹ̀ ni ó jẹ́. Ní òpin ọdún 2011 náà, Tampa Bay gbà á, wọ́n sì fi í ṣe àgbà nígbà tí ó ti lé ní ọdún 36. Ní ìsàlẹ̀ àkójọ kan náà ni Ryan Doumit wà, ẹni tí ó ti lu 318 nínú 1,000 fún Pittsburgh ní ọdún 2008. Ohun tí igi rẹ̀ ń kó wá sílé, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ń dà á nù lójú ọ̀nà.

Ìmọ̀ tuntun yìí tún ẹjọ́ àwọn àgbà kan dá. Brad Ausmus lo ọdún 18 lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ìlù 251 nínú 1,000, àwọn oníṣirò sì ti ń béèrè ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà yẹ àkọsílẹ̀ ìjù àtijọ́ wò, orúkọ rẹ̀ wà láàárín àwọn tí ọwọ́ wọn dára jù. Ti Mike Piazza tilẹ̀ yani lẹ́nu jù. Àlùkọjá-odi 396 tí ó lù gẹ́gẹ́ bí ahánbọ́ọ̀lù ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n àwọn olè ibùdó fi í ṣe ẹlẹ́yà: 23 péré ni ó ń mú nínú 100, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mú nǹkan bí 31. Gbogbo ayé ní kò mọ iṣẹ́ ẹ̀yìn ilé. Bí olè 150 bá wá lọ́dún, ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ olè 12, nǹkan bí ayò méje, tí kò tó ìṣẹ́gun kan. Àkọsílẹ̀ sì fi hàn pé nínú gbígba bọ́ọ̀lù etí fèrèsé, Piazza wà lára àwọn tí ó dára. Ohun tí ó hàn sí ojú ni a fi dá a lẹ́bi, ohun tí kò hàn ni ó gbè é.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ Houston kò tíì yanjú, nítorí pé Maldonado kò sí lára àwọn tí kámẹ́rà gbé ga ní ọdún 2023. Bí ó bá ní ayò 30 níbikíbi, inú àmì tí ó ń ṣe àti ìfọkàntán tí àwọn ajùbọ́ọ̀lù ní sí i ni yóò wà, ibi tí kámẹ́rà kò dé. Àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn tọ́ka sí ọdún 2022, tí Houston gba ife ẹ̀yẹ pẹ̀lú rẹ̀, tí igi rẹ̀ sì jẹ́ 186 nínú 1,000. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún náà, nígbà tí àwọn ajùbọ́ọ̀lù Houston mẹ́rin kò jẹ́ kí Philadelphia rí àlùyọ kan ṣoṣo, Christian Vázquez ni ó wà lẹ́yìn ilé. Maldonado kúrò lẹ́yìn ọdún 2023, Baker sì fẹ̀yìn tì. Díaz gba iṣẹ́ náà, ó lu 299 nínú 1,000 ní ọdún 2024. Houston bẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn lọ́nà tí kò dára rárá, tí àwọn kan sì ti ń sọ pé àwọn ti wí. Kí ọdún tó parí, wọ́n tún wà lókè ìpín wọn. Ọdún kan kò tó láti fi dájọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìfọkàntán nìkan san ayò 30 ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe kí ó tó lè fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ayò mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ṣeé gbà gbọ́.

Ọjà góòlù náà sì ti ń dín kù. Láti ìgbà tí àṣírí ọwọ́ rírọ̀ ti tú ni gbogbo ẹgbẹ́ ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọn ní i; ẹni tí ó burú bíi Doumit kò tún rí iṣẹ́ lẹ́yìn ilé mọ́, àyè tí ó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ sì dín. Apá jíju tún níyì díẹ̀, nítorí pé òfin ọdún 2023 sọ ibùdó di ńlá, ó sì dín ìgbà tí ajùbọ́ọ̀lù lè yẹ olè wò kù: olè tí ó yege fò láti 2,486 ní ọdún 2022 sí 3,503 ní ọdún 2023. Igi pẹ̀lú tún gbérí. Ní ọdún 2025, Cal Raleigh ti Seattle lu bọ́ọ̀lù 60 kọjá odi, ohun tí ahánbọ́ọ̀lù kankan kò ṣe rí, ọdún kan lẹ́yìn tí ó gba ẹ̀bùn ìbọ̀wọ́ tí ó ga jùlọ ní ìhà rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni àwọn aláṣẹ fọwọ́ sí i pé láti ọdún 2026, a lè gbé ìpè adájọ́ eré lọ síwájú ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní méjì nínú eré. Bí ẹ̀rọ bá dá wọn láre, àǹfààní náà kò lọ. Bí ó bá dá wọn lẹ́bi, ó ti lọ. Ọ̀gá kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú sí wọn láti orí ìjókòó. Ẹni mẹ́ta nìkan ni ó láṣẹ láti fọwọ́ kan fìlà kí ó sì béèrè: alùbọ́ọ̀lù, tí ọkàn rẹ̀ wà lórí igi, ajùbọ́ọ̀lù, tí ó jìnnà ní ẹsẹ̀ bàtà 60, àti ọkùnrin tí ó lóṣòó lẹ́yìn ilé, tí ojú rẹ̀ súnmọ́ fèrèsé náà ju ti gbogbo wọn lọ.